Ìbéèrè Tí Màámi Rán Mi sí Ìyá Japan

Ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára nílùú Atlanta kì í ṣe ọmọ Yorùbá, n ò sì tíì rí i sójú nígbà yẹn. Obìnrin ará Japan kan ni, òǹkọ̀wé ni. Inú ìwé ni mo ti pàdé rẹ̀, ní library kan ní Douglasville lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, lọ́jọ́ tí òjò lé mi wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rọra ná, ẹ jẹ́ n rò ó dé ibi tó dé.

Ilé Aunty Bísí ni mo wọ̀ sí nígbà tí mo dé. Ọmọ ìyá bàbá mi ni wọ́n, nọ́ọ̀sì sì ni wọ́n. Wọ́n ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà débi pé wọ́n á máa bu yìnyín sómi mu nínú òtútù. Àwọn ni wọ́n bá mi wáṣẹ́ sí warehouse, níbi tí a ti ń di ẹrù sínú páálí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní lítíréṣọ̀ ní Ìwó, tí ọmọ kíláàsì mi ò gbọdọ̀ sín láìgbàṣẹ, èmi náà ni mo wá di ẹni tó ń fa téèpù já. Ẹ̀yìn dùn mí, ẹsẹ̀ dùn mí, mo fara dà á.

Iṣẹ́ kọ́ ló bà mí lọ́kàn jẹ́ o. Àìkí ara ẹni ni. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wọlé tayọ̀tayọ̀, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, mo kí i kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, mo kí i kú ìjókòó. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń fi Òyìnbó wá bí mo ṣe lè ṣe é. Obìnrin kan yọ nǹkan tó fi sétí, ó wò mí, ó ní ṣé òun mọ̀ mí níbì kan ni. Nígbà tó di àkókò break, supervisor pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Mo ní kò sí. Ó ní àwọn kan wá sọ fún òun pé mo ń dúró lẹ́yìn wọn, mo ń sọ̀rọ̀. Háà! Ìkíni ni wọ́n fi mí sùn fún! Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹnu mi mọ́. Bí mo bá délé, tí Aunty ò bá tíì dé, mo máa ń kí àga.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní. Ní Ìwó, bí mo bá jáde lọ ra búrẹ́dì, kí n tó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ìdajì àdúgbò á ti bi mí bí Màámi ṣe jí. Ẹnì kan á ti bú mi pé mo rù, ẹlòmíì á ní mo ti sanra jù. Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà. Mo máa ń sọ pé àwọn èèyàn yìí ò jẹ́ kéèyàn mí. Ní Douglasville, mo lè lọ mo lè bọ̀ lọ́sẹ̀ kan gbáko, kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè nǹkan kan. Mo wá ń wá ẹni tó máa bú mi.

Káàdì library ni ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Fúnmi, àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú Màámi. Fúnmi pariwo pé wọ́n ti fún ẹ̀gbọ́n òun ní káàdì, gbogbo agboolé bú sáyọ̀. Ìyá Sùlé, aládùúgbò wa, ti da àdúrà bolẹ̀ kí n tó ráyè ṣàlàyé pé káàdì tí wọ́n fi ń yá ìwé ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbélùú. Ó dun èmi náà.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ fi káàdì náà yá ni ti obìnrin Japan yìí. Àwòrán ojú ìwé ló fà mí: ìyá àgbà kan jókòó sórí àpótí, ó gbé abọ́ ńlá síwájú, ó ń la ẹja. Wọ́n kọ díẹ̀ sẹ́yìn ìwé nípa ayé òǹkọ̀wé náà. Ìlú àwọn apẹja kan ní àríwá Japan ni wọ́n bí i sí, níbi tí yìnyín ti máa ń ga dé fèrèsé. Òkun gbé bàbá rẹ̀ lọ, ẹja ni ìyá rẹ̀ ń là fún èèyàn tó fi tọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí Tókíyò, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ ọ̀sán sínú páálí kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́. Àkókò ìsinmi ló fi ń kọ̀wé, lórí bébà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ. Irun rẹ̀ ti ń funfun kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Látìgbà náà, ẹni tó kúrò nílé ni gbogbo ìwé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní, ẹni tó ń di páálí bíi tèmi rèé! Mo jókòó ti ìwé náà títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tí ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé lórí wà nínú ọkọ̀ ojú irin ní Tókíyò, tó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ bí ará ìlú rẹ̀. Ó gbàgbé ibi tó yẹ kó ti sọ̀. Ó ń tẹ̀ lé ọkùnrin náà lẹ́yìn, kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kó ṣáà máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo pa ìwé dé. Nítorí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ti kẹ̀kẹ́ ìrajà tẹ̀ lé àwọn obìnrin méjì kan yípo ilé ìtajà, àwọn náà ń jiyàn lórí irú ata tó yẹ kí wọ́n rà, Yorùbá Ìbàdàn pọ́ńbélé. N ò kí wọn. Ojú ń tì mí, mo ti mọ̀ pé ẹkún ló máa jáde bí mo bá lanu. Mo mú ata tí wọ́n mú, mo lọ sílé.

Tíṣà ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí iná bá ti lọ, wọ́n á tan àtùpà, wọ́n á máa kàwé fún èmi àti Fúnmi. Bí wọ́n bá dé ibi tó dùn jù, wọ́n á pa á dé, wọ́n á ní, "Ó di ọ̀la." A óò bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò ní dá wa lóhùn. Òórùn epo àtùpà yẹn ṣì wà nímú mi dòní. Ṣùgbọ́n ojú Màámi ti ń ṣú bọ̀ láti bí ọdún mélòó kan, dókítà ní Ìbàdàn ní omi inú ojú ló ń le, tó ń pa ìríran wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé, wọn ò lè ka lẹ́tà gàdàgbà ara kàlẹ́ńdà mọ́.

Ni mo bá dá a lábàá pé kí n máa ka ìwé Ìyá Japan fún wọn lórí fóònù. Gbogbo Sunday, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń pè wọ́n. Òyìnbó wà níwájú mi, Yorùbá ni mò ń fi rò ó. Màámi ní orúkọ àwọn ará Japan ń kọ́ òun lẹ́sẹ̀, wọ́n sọ ọmọbìnrin náà ní Àṣàkẹ́, wọ́n sọ ìyá rẹ̀ ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Kò pẹ́ tí Ìyá Sùlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀gá Àṣàkẹ́ fìyà jẹ ẹ́, màá gbọ́ "Àsítágífúrúlà!" láti Ìwó. Bí a bá sì dé ibi tó dùn jù, màá ní, "Ó di Sunday tó ń bọ̀." Màámi á ní, "Ọmọ burúkú! Mo ti mọ ibi tó o ti kọ́ ọ." Inú mi á dùn títí di Tuesday.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ń ka ìwé náà síwájú nínú mọ́tò Aunty Bísí, ní parking lot ibi iṣẹ́, mo dé ibi tí Ìyá Ẹlẹ́ja kú. Ará àdúgbò kan ló pe ibi iṣẹ́ ọmọ náà. Ọ̀gá rẹ̀ gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Ẹni náà ní, "Ìyá rẹ kú láàárọ̀ yìí." Ó tán. Kò sí "ṣé o ti jẹun," kò sí "jókòó ná." Mo pariwo nínú mọ́tò. Ta ló ń túfọ̀ báyẹn? Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ní ara Ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, máa bọ̀ nílé. Bí o bá dé, àwọn àgbà á ti jókòó, wọ́n á fún ọ lómi mu, pásítọ̀ tàbí alùfáà á máa ní "ṣe ọkàn akin," títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí i lójú wọn.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí fún Màámi, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ga, tí èmi náà wà nílẹ̀ òkèèrè bíi Àṣàkẹ́? Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ní Sunday, mo ní ibà ló kọlu Ìyá Ẹlẹ́ja. Ibà, nínú yìnyín Japan! Ìyá Sùlé sọ irú àgbo tó yẹ kí wọ́n sè fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ yá, gbogbo wọn dúpẹ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ Uncle Débọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Downtown ni. Ó ń wo fóònù rẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó rí fọ́tò tí ìbátan rẹ̀ kan gbé sórí status: ibojì bàbá rẹ̀ ni, tí koríko ti hù yí i ká. Bàbá ti kú tipẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì pé, kò lè wá sílé, kí ni kí àwọn tún máa dà á láàmú sí? Uncle Débọ̀ jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, kò wọlé mọ́. Mo rí orí rẹ̀ lórí steering láti ojú fèrèsé. Ìwé tèmi náà ò tíì pé. Bí mo bá jáde ní Amẹ́ríkà, n ò lè wọlé mọ́. Ẹ̀rù bà mí dé eegun pé èmi ló kàn, pé bí nǹkan kan bá ṣe Màámi, gbogbo Ìwó ló máa mọ̀ kí n tó mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń rò ó fún wọn bí Àṣàkẹ́ ṣe lọ sílé, tó fọ abọ́ ẹja, tó ṣán ilẹ̀ ilé, tó tà á.

"Dúró," Màámi ní. "Ó ta ilé ta ni?"

"Ilé wọn ni, Màámi."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n lọ gba atẹ́gùn ní Tókíyò."

"Ìyá Ẹlẹ́ja tó ní òun ò lè sùn bí òun ò bá gbọ́ òkun? Òun ló lọ gba atẹ́gùn, tí wọ́n wá ń ta ilé mọ́ ọn lẹ́yìn? Obìnrin yẹn ti kú. O ń fi í pa mọ́ fún mi. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ìyá Sùlé figbe ta lẹ́yìn, "Wọ́n ti kú? Lẹ́yìn àgbo tí mo sọ!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n inú bí èmi náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ Uncle Débọ̀ fún wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣèlérí fún mi. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe mí bí wọ́n ṣe ṣe ọmọ ọlọ́mọ."

"Kí n ṣèlérí kí ni? Pé bí mo bá kú, màá pè ẹ́?"

Fúnmi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Màámi ní wọn kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu, kí n lọ jẹun. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé orí fóònù lásán ni wọ́n ti túfọ̀ ìyá fún ọmọ nínú ìwé náà, inú wọn ru. "Òǹkọ̀wé yẹn ò ní àánú. Bí o bá rí i, bi í fún mi, kí ló dé tó fi pa Ìyá Ẹlẹ́ja síni létí báyẹn?"

Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, àfi bí mo ṣe rí i lára ògiri library pé Ìyá Japan ń bọ̀ wá ka ìwé wọn fún àwọn èèyàn ní yunifásítì kan ní Downtown. Mo tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọ àdìrẹ tí Màámi fún mi, mo wakọ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin, mo wọ ọkọ̀ náà dé àárín ìlú. Obìnrin kékeré ni wọ́n, irun funfun tí wọ́n gẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ eléérú. Èdè Japan ni wọ́n fi kàwé, n ò gbọ́ ẹyọ kan, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá dé ibi tó dùn, Màámi ni. Mo ti ń nu ojú kí ògbufọ̀, obìnrin onígíláàsì kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà, a tò láti kí wọn. Nígbà tó kàn mí, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé Amẹ́ríkà ni mo wà. Ìyá Japan dìde, wọ́n tẹríba fún mi. Háà, àgbàlagbà ń tẹríba fún mi kẹ̀! Mo fi orúnkún kejì kúnlẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ wálẹ̀ sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní ṣé kí àwọn pe dókítà ni. Ọwọ́ Ìyá Japan ló fà mí dìde.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ìyá mi ló rán mi. Ojú ń dùn wọ́n, èmi ni mò ń ka ìwé yín fún wọn. Wọ́n ní kí n bi yín, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí wọ́n sọ ikú Ìyá Ẹlẹ́ja fún ọmọ rẹ̀ láìfi nǹkan bò ó?" Mo tún jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ibà.

Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín ibà náà títí omi fi bọ́ lójú wọn. Omi náà ò wá dá mọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ògbufọ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Nígbà tí ìyá mi kú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Tókíyò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n má sọ fún mi, kí n má bàa pa iṣẹ́ tì. Bí mo bá pè, wọ́n á ní ara Ìyá le. Mo ṣì ń fi aṣọ òtútù ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ti sun òkú rẹ̀, wọ́n ti tọ́jú eérú rẹ̀, aṣọ mi ṣì ń lọ. N ò rí ẹni sọ ìròyìn yẹn fún mi lásìkò. Nítorí náà, nígbà tí mò ń kọ ìwé, mo ní kí ẹnì kan pe ọmọ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ohun tó dára jù tí mo lè ṣe fún un nìyẹn."

Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Màámi.

Ní Sunday, mo rò ó fún Màámi bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Màámi wá ní, "Oore ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé òun ń ṣe." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́." Wọn ò ṣèlérí kankan.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé Màámi lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ojú. Fúnmi pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bọ́ sí i, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní kí Màámi má tíì lo fóònù." Mo pè lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní wọ́n ń sùn. Mo pè lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ṣì ń sùn. Oorun wo nìyẹn? Aunty Bísí ò jẹ́ kí n fọ abọ́ mọ́. Wọ́n ń rokà fún mi, wọ́n ń pè mí ní ọmọ dáadáa. Ìyàwó pásítọ̀ tẹ̀ mí láago, wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn gbọ́ ohùn mi ni. Ẹ̀yin náà, ọmọ Yorùbá ni yín. Ta ló máa rí gbogbo èyí tí kò ní mọ ohun tó ń bọ̀? Lẹ́nu iṣẹ́, mo lẹ téèpù mọ́ àpò ara mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Friday, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí mọ́tò pásítọ̀ níwájú ilé. Nínú pálọ̀, pásítọ̀ jókòó, ìyàwó wọn jókòó, Aunty Bísí dúró. Ife omi kan wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ń mu ún.

Pásítọ̀ ní, "Ọmọ mi, wá jókòó ná."

Mo ní n ò jókòó. Mo ní, "Màámi ti kú." Mo di ilẹ̀kùn mú. Aunty Bísí ní, "Rárá o, kí ló dé, jẹ́ kí pásítọ̀ sọ̀rọ̀," ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó bá fẹ́ túfọ̀ kì í kọ́kọ́ ní rárá ni? Mo ti fẹ́ figbe ta nígbà tí fóònù mi dún lápò. Nọ́ńbà Fúnmi ni. Mo gbé e sétí.

"Ọmọ mi," ohùn kan ní. Màámi ni. "Ṣé ìwọ ni?"

"Màámi! Màámi, èmi ni!"

"Gbọ́ mi. Iṣẹ́ abẹ náà ò ṣe é. Ojú méjèèjì ti lọ. N ò ríran mọ́. Wọ́n ní pásítọ̀ yín ló máa sọ ọ́ fún ẹ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí wọ́n rọra sọ ọ́. Mo ní kí Fúnmi tẹ nọ́ńbà rẹ fún mi, ó ń sunkún, kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo ní kó tẹ̀ ẹ́." Wọ́n mí. "Èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tèmi ti bàtà ibi iṣẹ́. Ẹkún gbọ̀n mí. Pásítọ̀ dìde, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn tù mí nínú ni tàbí kí àwọn bá mi dúpẹ́. Èmi náà ò mọ̀.

"Ṣé o ń sunkún?" Màámi ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Sun ún dáadáa," wọ́n ní. "Mo wà níbí. N ò ní gbé fóònù sílẹ̀."